Ohun Tí Apt Kò Rí: Àwọn Package Tí Ìwọlé Nípasẹ̀ Dáírẹ́kítọ́rì Gbára Lé Lórí Linux

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín: bí a ṣe ń to àwọn package, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n ti dì fún gbígbé sórí ẹ̀rọ, tí Linux nílò kí àwọn aṣàmúlò tó lè fi orúkọ tó wà nínú dáírẹ́kítọ́rì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti tì mọ́ta rí lọ́gànjọ́ òru, tí root gan-an, aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ, kò ríbi wọlé, á mọ̀ pé ó yẹ ká jókòó tì í.

Ohun tí à ń wá rọrùn láti sọ. Tí ẹ̀rọ bá ti pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, kò ní máa lọ dá orúkọ aṣàmúlò sílẹ̀ lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kó gbogbo orúkọ jọ sójú kan, sínú dáírẹ́kítọ́rì tó ń sọ èdè LDAP, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á sì máa lọ béèrè níbẹ̀. Èdè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ló ti rú jáde, ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1993 nínú RFC 1487, ẹ̀dà kẹta tí gbogbo wa ń lò báyìí sì jáde ní 1997. Lójú ìwé, iṣẹ́ ọ̀hún kò ju nǹkan méjì lọ: fi package sí i, kọ àdírẹ́sì sáfà. Kí ló wá dé tó fi ń kó èèyàn sí wàhálà tó báyìí?

Ìdáhùn mi nìyí, òun náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá. Àwọn package tí apt (irinṣẹ́ tí Debian fi ń gbé package wá) tàbí dnf (ti Red Hat) bá yín kà, tí wọ́n bá yín gbé wálé, kì í sábà dá nǹkan rú. Èyí tó ń ti èèyàn mọ́ta ni èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì kan lásán nínú /etc, tí apt kò kà, tí dnf kò kà. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀fà yẹn ni mo fẹ́ mú yín dé.

Tí ẹnì kan bá tẹ orúkọ rẹ̀ sójú ẹ̀rọ, ìbéèrè méjì ni Linux ń béèrè, ọ̀nà tó ń gbà béèrè wọn kò sì papọ̀. Àkọ́kọ́: ta ni ọ́? Kí ni nọ́ńbà rẹ, ẹgbẹ́ wo lo wà, níbo ni àpótí ilé rẹ wà lórí dísìkì? NSS (Name Service Switch) ló ń dáhùn ìyẹn, inú /etc/nsswitch.conf la sì ti ń sọ fún un ibi tó máa ti wádìí. Èkejì: ṣé ìwọ gan-an nìyí? PAM (Pluggable Authentication Modules) ló ń dáhùn ìyẹn, àwọn fáìlì inú /etc/pam.d ló sì ń darí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Sun Microsystems ni èrò méjèèjì ti wá. 1995 ni wọ́n gbé ti PAM kalẹ̀. Package ọ̀tọ̀ ló ń fún NSS lójú tó fi ń rí dáírẹ́kítọ́rì, package ọ̀tọ̀ ló ń fún PAM. Nslcd àti SSSD jẹ́ ètò abẹ́lẹ̀ tó ń bá ẹ̀rọ lọ béèrè lọ́wọ́ dáírẹ́kítọ́rì. Lórí Debian, ẹni tó bá gba ọ̀nà nslcd máa nílò libnss-ldapd fún ti àkọ́kọ́ àti libpam-ldapd fún ti èkejì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà SSSD máa nílò libnss-sss àti libpam-sss.

Tí ìdajì kan bá wà, tí ìdajì kejì kò sí, àìsàn tí kálukú wọn ń fà yàtọ̀, ó sì dára kéèyàn lè dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Tí NSS bá wà láìsí PAM, `id ade` á fi nọ́ńbà Adé hàn, `getent passwd ade` á dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò ní wọlé láéláé. Tí PAM bá wà láìsí NSS, Adé ì báà tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, Invalid user ni sshd, ètò tó ń gba ìwọlé láti òkèèrè, á máa kọ sínú lọ́ọ̀gì, torí pé lójú ẹ̀rọ náà, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ yẹ sáfà wò nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀. Sáfà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà kan ṣoṣo nínú nsswitch.conf dáadáa:

passwd: files ldap

Ọ̀pọ̀ ló rò pé orúkọ ìlànà ni ldap tó wà níbẹ̀ yẹn. Rárá o, àárín orúkọ fáìlì ni. Glibc, library ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò Linux ń lò, á mú un, á fi libnss_ ṣíwájú rẹ̀, á fi .so.2 tẹ̀ lé e, á wá lọ máa wá libnss_ldap.so.2 níbi tí àwọn library (fáìlì iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) wà. Ẹ kọ sss síbẹ̀, libnss_sss.so.2 ló máa wá. Ẹ ṣì í kọ, ẹ kọ ladp, á wá libnss_ladp.so.2, kò ní rí i, kò sì ní pariwo. Á kàn gbà pé ọ̀nà yẹn dí, á bọ́ sí èyí tó kàn. Tí kò bá sí èyí tó kàn mọ́, ohun tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ ni `id: 'ade': no such user`. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹ̀rọ kò sọ pé òun kò rí library. Ó ní èèyàn ni kò sí.

Kí ló dé tí apt kò fi mọ̀? Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ package fún Debian, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ dpkg-shlibdeps. Á tú ètò tí wọ́n ti kọ́ tán wò, á ka àwọn library tí orúkọ wọn wà lábẹ́ NEEDED nínú rẹ̀, á sì sọ wọ́n di Depends. RPM, irú package ti Red Hat, náà ní tirẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n dlopen ni glibc fi ń gbé module NSS (àwọn library bíi libnss_ldap.so.2), ìyẹn ni pé ìgbà tí iṣẹ́ bá dójú ẹ̀ ló tó ń wá a. Orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ NEEDED rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni PAM ṣe ń gbé pam_ldap.so àti pam_sss.so. Ẹ tẹ `ldd /usr/bin/id`, tó ń to àwọn library tí id nílò, wò: ẹ ò ní rí ldap níbẹ̀, ẹ ò ní rí sss. Ẹni tó kọ́ package glibc kò sì ní ọ̀nà tó fi lè mọ ohun tí ẹ máa kọ sínú nsswitch.conf yín lọ́la.

Àwọn tó ń tọ́jú package mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gbìyànjú láti dí i. Recommends ni wọ́n fi dí i. Depends ń sọ pé bí tọ̀hún kò bá sí, èyí kò lè dúró. Recommends ń sọ pé ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á fẹ́ méjèèjì pa pọ̀. Lórí Debian, sssd-common kò sọ libnss-sss àti libpam-sss di dandan, ó kàn dámọ̀ràn wọn ni. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, apt á gbé wọn wá láìbi èèyàn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá ń wá bí image (àwòkọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti tò tán) ṣe máa fúyẹ́, tó fi --no-install-recommends sínú àṣẹ tó fi ń kọ́ ọ, SSSD á wọlé, á dìde, systemctl á ní ara rẹ̀ le koko. Kò kàn sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ibi tí wọ́n ti tú sssd.conf wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó sì jẹ́ pé libnss-sss lásán ni kò sí nílẹ̀.

Ní ti Red Hat àti Fedora, inú package kan ni module méjèèjì wà, sssd-client. Lójú tèmi, tiwọn ló bọ́gbọ́n mu jù níbí. Àwọn ará Debian á ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi SSSD wá orúkọ nìkan, tí wọ́n ń fi nǹkan mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n, tí gbogbo wa fi ń jìyà rẹ̀? Títí wọ́n á fi yí i padà, ẹ máa dárúkọ gbogbo wọn fúnra yín: `apt install sssd-ldap libnss-sss libpam-sss`. Ẹ má fi iṣẹ́ ìwọlé sọ́wọ́ ìdámọ̀ràn.

Ó yẹ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, torí ìtàn yìí ló ṣàlàyé ìdí tí package méjì fi wà tó jẹ́ pé lẹ́tà d kan péré ló yà wọ́n. Ní 1998, Luke Howard kọ RFC 2307, tó ṣàlàyé bí LDAP ṣe lè ṣe iṣẹ́ tí NIS, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín orúkọ aṣàmúlò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, PADL, ló tún kọ nss_ldap àti pam_ldap. Nínú nss_ldap, module fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá sáfà sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi rò ó. `ls -l` fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì, ó bi NSS. NSS gbé nss_ldap sínú ls. Nss_ldap gbé libldap. Libldap gbé library TLS (tó ń ti ọ̀rọ̀ pa lójú ọ̀nà), library TLS náà gbé àwọn ìbátan tirẹ̀. Gbogbo ètò tó bá ti béèrè orúkọ aṣàmúlò, títí kan èyí tí ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ orúkọ LDAP rí, á wá ru gbogbo ẹbí náà sórí.

Ibi tó ti bẹ́ jù ni sudo àti su, àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kí èèyàn ṣiṣẹ́ bíi root. Lórí Debian àti Ubuntu ìgbà náà, GnuTLS (library TLS kan) ni libldap ń lò, libgcrypt sì ni GnuTLS ọ̀hún fi ń ti ọ̀rọ̀ pa. Libgcrypt ní àṣà kan. Tó bá ń múra iṣẹ́ nínú ètò tí ẹlòmíràn pè ṣùgbọ́n tó ń fi agbára root ṣiṣẹ́, á gba àyè tó fẹ́ nínú memory, á tì í pa kó má bàa bọ́ sórí dísìkì, lẹ́yìn náà á sọ agbára root yẹn sílẹ̀. Èrò rere ni o; ó rò pé òun ń dáàbò bo èèyàn ni. Àmọ́ kí sudo tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, agbára tó fẹ́ lò ti lọ. Bí ẹ̀rọ tó ń fi TLS bá LDAP sọ̀rọ̀ ṣe wá sọ sudo àti su di aláìlágbára nìyẹn, kò sì sí ìlà kankan nínú /etc/sudoers tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń wá a. Apt kò rí èyí náà, torí pé sudo kò gbára lé libgcrypt nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú nsswitch.conf ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

Nss-pam-ldapd ni ìdáhùn Arthur de Jong sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gé module náà kúrú débi pé kò mọ̀ ju kó bá ètò abẹ́lẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí socket (ojú ọ̀nà tí ètò méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) nínú ẹ̀rọ kan náà. Ètò abẹ́lẹ̀ yẹn, nslcd, nìkan ló ń gbé libldap, òun nìkan ló ń jáde lọ sọ́dọ̀ sáfà. SSSD, tí Red Hat bẹ̀rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ yọjú nínú Fedora ní 2009, gba ọ̀nà kan náà, ó sì fi ìpamọ́ kún un kí èèyàn ṣì lè wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ẹrù tó wà lórí gbogbo ètò tẹ́lẹ̀ ti wá di ti ẹnì kan. Lójú tèmi, èrè tó ga jù nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì nìyẹn, ìpamọ́ tí gbogbo ayé ń yìn ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí mìíràn dé ní 2017. Systemd, ètò tó ń gbé àwọn iṣẹ́ dìde lórí Linux, ní ẹ̀dà 235 ti ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ systemd-logind tó ń bójú tó ìwọlé, nítorí ààbò. Àwọn tí module NSS tiwọn ṣì ń fúnra rẹ̀ jáde, pàápàá àwọn tó ń lo NIS, rí i pé ìwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ẹni tó ń lo nslcd tàbí SSSD kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, torí pé socket inú ilé kò sí lára ohun tí wọ́n tì.

Ní ti lẹ́tà d yẹn: libnss-ldap ti àtijọ́ àti libnss-ldapd, fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé kalẹ̀, libnss_ldap.so.2. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè jọ gbé inú ẹ̀rọ kan. Ẹ fi ọ̀kan sí i, apt á ní òun á yọ èkejì. Ọ̀rọ̀ inú nsswitch.conf kò yí padà, ldap náà ni. Fáìlì ìṣètò ló yí padà. Nslcd ń ka /etc/nslcd.conf. Èyí tó wà ní /etc/ldap/ldap.conf jẹ́ ti libldap fúnra rẹ̀ àti àwọn irinṣẹ́ bíi ldapsearch, tó wà nínú package ldap-utils lórí Debian, openldap-clients lórí Red Hat. Torí náà, tí ldapsearch bá ń dáhùn dáadáa tí ìwọlé sì ń kọ̀, kò sí ìtakora níbẹ̀. Fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà.

Ó ku PAM, ibi tí ìgboyà ti ń ti àwọn èèyàn ṣubú. Tí ẹ bá fi libpam-ldapd sórí Debian, ohun tí ẹ máa bá nínú /etc/pam.d/common-auth sún mọ́ èyí:

auth [success=2 default=ignore] pam_unix.so nullok
auth [success=1 default=ignore] pam_ldap.so minimum_uid=1000 use_first_pass
auth requisite pam_deny.so
auth required pam_permit.so

Ẹ wo nọ́ńbà 2 tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ó ń sọ pé tí pam_unix bá gba ọ̀rọ̀ aṣínà, kí PAM fo ìlà méjì: kó fo pam_ldap, kó fo pam_deny, kó balẹ̀ sórí pam_permit. Tí pam_unix bá kọ̀, kó wá bi pam_ldap. Tí ìyẹn bá gbà á, kó fo ìlà kan. Tí àwọn méjèèjì bá kọ̀, pam_deny ló máa pàdé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹni tó bá wá fọwọ́ pa ìlà pam_ldap rẹ́, tó gbàgbé nọ́ńbà 2, ti sọ ìfò náà di ìfò tó kọjá pam_permit. Pam_permit wà níbẹ̀ kí ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kan ó lè wà lórí ìlà; tí a bá fò ó, ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ́ gan-an lè di èyí tí ẹ̀rọ kọ̀, ti root pẹ̀lú. Nọ́ńbà kékeré yẹn gbára lé iye ìlà tó tẹ̀ lé e, kò sì sí irinṣẹ́ package tó ń ṣọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí Debian fi ní pam-auth-update. Package kọ̀ọ̀kan ń fi ìwé tirẹ̀ sí /usr/share/pam-configs, irinṣẹ́ yìí á kó wọn jọ, á sì ṣírò àwọn nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Tó bá rí i pé ẹ ti fọwọ́ kan fáìlì náà, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àyàfi tí ẹ bá fi --force pa á láṣẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, package tí ẹ bá fi sí i tàbí tí ẹ bá yọ kò ní hàn nínú PAM mọ́, ẹ̀yin lẹ máa máa ṣe é. Lọ́dọ̀ Red Hat, láti RHEL 8, authselect ló gbapò authconfig, odindi ìṣètò tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀ lẹ sì ń yàn. `authselect select sssd with-mkhomedir` máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n with-mkhomedir yẹn nílò package oddjob-mkhomedir, ó sì nílò kí oddjobd máa ṣiṣẹ́. Authselect á rán yín létí lójú ẹ̀rọ. Kò ní gbé e wá fún yín.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: package ti lọ, ìlà rẹ̀ ṣì wà. Lọ́ọ̀gì á sọ pé `PAM unable to dlopen(pam_ldap.so)`, á tún fi `PAM adding faulty module: pam_ldap.so` tẹ̀ lé e. Níbi tí ìlà náà bá ti jẹ́ default=ignore, ariwo lásán ni. Níbi tó bá ti jẹ́ required, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Ẹ tún kíyè sí àmì - tí ẹ máa ń rí níwájú àwọn ìlà kan, bíi -session. Àwọn kan rò pé ó ń sọ module náà di ohun tí kò pọn dandan. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí PAM kọ̀wé sínú lọ́ọ̀gì tí fáìlì náà kò bá sí. Ó kàn ń pa ẹ̀rí rẹ́ ni.

Ìwé ẹ̀rí TLS náà wà lára ohun tí ìwọlé gbára lé tí kì í ṣe package. SSSD kò ní yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò lórí ọ̀nà tí wọn kò tì pa, yálà ẹ lo ldaps ní port 636 tàbí ẹ lo port 389 pẹ̀lú StartTLS. Torí náà, package ca-certificates gbọ́dọ̀ wà. Tó bá sì jẹ́ pé àjọ yín fúnra yín ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí sáfà, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ìwé yẹn dé orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ná. Mo máa ń rí `ldap_tls_reqcert = never` káàkiri. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè pe ara rẹ̀ ní sáfà kó sì gba ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo èèyàn. Kò sí àwáwí kankan fún un. Tí ẹ bá ń da ìṣètò kọ láti Red Hat sí Debian, ẹ tún rántí pé OpenSSL ni libldap tọ̀hún ń lò, GnuTLS ni ti Debian títí dé Debian 12 (láti Debian 13 ti 2025, OpenSSL ni), bí wọ́n sì ṣe ń kọ orúkọ cipher fún àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Ìgbà tí ẹ bá ń gbé ẹ̀rọ láti ẹ̀dà kan sí òmíràn ni libldap máa ń fa ìjọ̀gbọ̀n tirẹ̀. OpenLDAP 2.4 wà láyé láti 2007, 2.5 kò dé títí di 2021. Ó ti pẹ́ débi pé àwọn kan gbàgbé pé nọ́ńbà wà nínú orúkọ library náà. Debian 11 ní libldap-2.4-2, Debian 12 ní libldap-2.5-0. Nínú 2.5, wọ́n pa libldap_r pọ̀ mọ́ libldap, libldap_r kò sí mọ́. Ètò tí ẹ rà tàbí tí ẹ kọ́ fúnra yín sórí 2.4 á máa wá library tí kò sí. Ẹ ò ní pẹ́ rí ẹni tó máa ní kí ẹ fi symlink (orúkọ kejì tó ń tọ́ka sí fáìlì mìíràn) tan ètò náà jẹ. Ó lè ṣiṣẹ́ títí ètò náà á fi dé ibi tí nǹkan inú library ti yí padà, á wá wó lulẹ̀ níbi tí ẹ ò retí. Ẹ tún ètò náà kọ́, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú container tó ní 2.4.

Package lè bá dáírẹ́kítọ́rì jà láti ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ẹ bá ń fi ètò bíi database sórí ẹ̀rọ, ìwé àṣẹ inú package máa ń dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ fún un. Kó tó dá a, á kọ́kọ́ béèrè bóyá orúkọ náà ti wà, NSS ló sì ń bi. Tí ẹnì kan bá ti fi orúkọ yẹn sínú LDAP, ìdáhùn máa jẹ́ pé ó ti wà, wọn kò ní dá a sílẹ̀ nínú /etc/passwd. Ètò náà á wá gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lè dìde, kò sì sẹ́ni tó pinnu bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 1000 jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí files máa ṣíwájú nínú nsswitch.conf. Fún iṣẹ́ tó bá nílò orúkọ láti dáírẹ́kítọ́rì lóòótọ́, systemd ní nss-user-lookup.target, ẹ fi After rẹ̀ sínú unit iṣẹ́ náà, kó lè dúró de SSSD.

Ọ̀rọ̀ autoremove kò gùn. Lórí Debian, sssd jẹ́ àpò òfìfo tó ń fa sssd-ldap, sssd-krb5 àti àwọn yòókù wọlé. Tí ẹnì kan bá yọ àpò náà torí pé ó rò pé kò wúlò, àwọn tó fà wọlé á di ẹni tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n, `apt autoremove` tó bá sì kàn á gbá wọn dànù. `apt-mark manual sssd-ldap libnss-sss libpam-sss` á dá wọn dúró. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ fi `apt-get -s` wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ná. `aptitude why` àti `dnf repoquery --whatrequires` á sọ ẹni tó nílò ẹni fún yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ package nìkan ni wọ́n lè sọ. Fún èyí tó kù, `grep` nínú nsswitch.conf àti pam.d ni, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: tí ètò 32-bit bá wà lórí ẹ̀rọ 64-bit yín, module NSS 64-bit kò lè wọ inú rẹ̀. Ó nílò libnss-sss:i386 tirẹ̀. Tí kò bá sí, ètò yẹn nìkan ló máa ní Adé kò sí, gbogbo ètò yòókù á sì rí i.

Ẹnì kan ti bi mí kí n tó gorí pèpéle pé, nínú nslcd àti SSSD, èwo ni kí òun mú. Tó bá jẹ́ Red Hat lẹ ń lò láti ẹ̀dà 8 wá, kò sí pé ẹ ń yan nǹkan kan. SSSD ni authselect mọ̀. Lórí Debian, tí sáfà kò bá jìnnà, tí ẹ̀rọ kò sì í kúrò lójú kan, nslcd kéré, ìṣètò rẹ̀ kò pọ̀, òun ni èmi á mú. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà àgbéká tí èèyàn ń gbé kiri, SSSD ni, nítorí ìpamọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nscd (ètò ìpamọ́ ti glibc) máa pa passwd àti group mọ́ pa pọ̀ mọ́ SSSD o. Ìpamọ́ lórí ìpamọ́ á máa fún yín ní ìdáhùn àná. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ṣí ojú root kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣe ti ibẹ̀ jáde títí ẹ ó fi fi orúkọ aṣàmúlò inú ẹ̀rọ wọlé láti ibòmíràn, tí ẹ ó tún fi ti dáírẹ́kítọ́rì wọlé, tí ẹ ó sì fi sudo ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi pam-auth-update tàbí authselect mú un kúrò nínú PAM, ẹ yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú nsswitch.conf, package ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo /etc/sssd àti /var/lib/sss/db. `apt remove` kì í pa fáìlì tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ sínú /etc rẹ́, ọ̀pọ̀ sssd.conf ló sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀rọ fi ń wọ dáírẹ́kítọ́rì nínú ìlà ldap_default_authtok, ní gbangba, láìtì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn, fọwọ́ ara yín pa á rẹ́, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà lórí sáfà.